Ẹ̀rí Mẹ́ta fún Agbénidìde

Agbọ́rọ̀ ò tíì ka ẹ̀rí kẹta dé ìdajì tí ariwo fi gba kíláàsì. Àwọn ọmọ ẹnjinníà mẹ́rìnlélógún ń lu tábìlì, wọ́n ń di mọ́ Ìbíyẹmí lọ́rùn, èmi nìkan ni mo jókòó sórí àga mi tí mi ò rí ẹ̀rín rín. Ẹ̀rọ Agbọ́rọ̀ ò ju ìkòkò omi lọ. Orí tábìlì mi ló máa ń wà, ó sì ń gbé ohùn Màmá Ojúọlápé jáde fún wa, ohùn arúgbó tí kì í kánjú: "Ó dára. Ó dára gan-an ni. Ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ẹ ní ó kú iṣẹ́." Bó ṣe dákẹ́, iná ara rẹ̀ di àwọ̀ ewé.

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn ní Òkè-Ìsádi. Àgbà ẹlẹ́rìí ti sọ "ó dára" ní ọjọ́ keje, wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹrìnlá, wọ́n tún sọ ọ́ ní ọjọ́ kọkànlélógún. Ta ló kù tó fẹ́ jiyàn? Bó bá di ọ̀la, Ilé-Àtẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Agbénidìde òjìlélẹ́gbẹ̀ta, wọn yóò sì gbé e lọ sílé gbogbo arúgbó tó ń dá gbé lórí òkè yìí. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni àtàǹpàkò mi. Mo gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sára Agbọ́rọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tí iṣẹ́ náà jáde lábẹ́ rẹ̀.

Mi ò sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Lánàá ni mo yà kí Màmá nílé wọn. Wọ́n nawọ́ láti mú ife fún mi, aṣọ yẹ̀ kúrò léjìká wọn, mo rí abẹ́ abíyá òsì wọn. Ó dúdú, ó wú, bí ọwọ́ tí ilẹ̀kùn há. Mo tún rí okùn kan tí wọ́n so mọ́ irin fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti ń dán níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú. Mo bi wọ́n pé kí ni okùn wà fún. Wọ́n ní aṣọ tútù ni àwọn ń sá sí i. Aṣọ tútù, lókè orí ẹni tó ń sùn. Mo dúpẹ́ fún omi tí wọ́n fún mi, mo sì bá tèmi lọ.

Agbénidìde yìí, apá irin méjì ni, wọ́n fi rọ́bà bò ó, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí arúgbó bá jí, tí egungun rẹ̀ ò gbà kó dìde, yóò ní "gbé mi", apá méjèèjì yóò wọ abẹ́ abíyá rẹ̀, wọn yóò sì gbé e nàró kó tó ṣẹ́jú. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, kò sí ariwo, kò sí epo. Ìbíyẹmí ló ṣe é, ọmọ ọdún méjìlélógún, ẹni tí orí rẹ̀ pé jù nínú gbogbo àwọn tí mo ti kọ́ láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Àrà àti Ọnà. Ìsàlẹ̀-Omi ni mo ti rí i, níbi tí òkun ti ń wọlé bá àwọn ènìyàn nínú yàrá, ó ń fi ike àti wáyà tún ẹ̀rọ ìfami àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo mú un gòkè.

Ohun tí mò ń kọ́ wọn rọrùn láti sọ. Kí o tó dá àrà fún ẹnikẹ́ni, lọ bá a gbé. Òfin ilé-ẹ̀kọ́ wa sọ ọ́ di ọ̀ranyàn: ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú yàrá onítọ̀hún, kí o máa wò, kí o máa fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wàá tó mú irin. Nígbà tí o bá wá gbé ohun tí o ṣe fún un tán, o ò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlélógún mìíràn, kí o má baà fi ojú àánú gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Agbọ́rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé lọ. Àwọn tó ṣe òfin yìí gbọ́n, àmọ́ ó jọ pé wọn ò ní ìyá àgbà nílé.

Mo jókòó níbẹ̀, mò ń rò ó pé kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó bá kọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rí mẹ́ta gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó parọ́, ẹni tó bá sì parọ́ fún Agbọ́rọ̀ kì í sun ilé àgbà ẹlẹ́rìí mọ́. Torí ẹ̀rí jíjẹ́ yìí ni ìjọba ṣe fún wọn ní ilé gbígbẹ lórí òkè. Lọ́dún tó kọjá, bàbá kan ní òpópónà kẹta yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lórí fìtílà kan. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀-Omi. Màmá Ojúọlápé ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Bí mo bá tẹ àtàǹpàkò mi, òjìlélẹ́gbẹ̀ta arúgbó ni irin yóò máa há lábíyá láràárọ̀, tí wọn yóò sì máa sọ pé ó dára. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, arúgbó kan ni omi yóò bá lórí ẹní. Èwo ni kí èèyàn mú níbẹ̀?

Ìbíyẹmí wá bá mi, ojú rẹ̀ ń tàn. Ó ní ọjọ́ ti pé, òfin ò dí òun mọ́, òun fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Ó ti di ọ̀lẹ̀lẹ̀ ewé mẹ́ta dání. Mo lè ní kó má lọ. Mo ní ká jọ lọ.

Màmá yọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n fà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n kì í, wọ́n ní ó ti rù, wọ́n bi mí bóyá a kì í fún wọn lóúnjẹ níléèwé. Ìbíyẹmí dúpẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo ti mọ̀ pé yóò sọ. Ó ní òun ò tíì fojú ara òun rí i kí ẹ̀rọ náà gbé wọn rí, ṣé wọ́n lè jẹ́ kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan péré? Màmá wò mí. Mo wolẹ̀. Wọ́n lọ dùbúlẹ̀.

"Gbé mi," ni wọ́n wí.

Apá méjèèjì yọ jáde, wọ́n wọ abẹ́ abíyá, wọ́n sì gbé. Ẹnu Màmá ń rẹ́rìn-ín, ojú wọn sì pa dé gbáà. Òógùn bo iwájú orí wọn. Kí ẹsẹ̀ wọn tó kan ilẹ̀, wọ́n ti ń sọ ọ́: "Ó dára, ọmọ mi. O kú iṣẹ́."

Ìbíyẹmí dá ẹ̀rọ náà dúró. Ó rọra gbé Màmá jókòó, ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wo apá wọn. Wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó tún bẹ̀ wọ́n, ó wá ṣí aṣọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, mi ò rí ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

Màmá fa aṣọ wọn bora. "Ta ló ń gbé oúnjẹ fún ni, tó ń béèrè pé ṣé ó dùn, tí a ń sọ fún un pé kò dùn? O sùn lórí ẹní mi. O pọnmi fún mi. O fi òróró ra mí lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ohùn mi ni wọ́n máa gbé sétí ẹgbẹ́ rẹ. Ṣé kí n wá dójú tì ọ́ níbẹ̀?"

Wọ́n wá ṣàlàyé fún wa ní pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé àwọn gan-an ló jẹ̀bi. Èjìká òsì wọn ti yẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sá fún òkun, kò sì padà síbi tó yẹ mọ́. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń dìde hàn wá. Wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n di okùn fèrèsé mú, wọ́n sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sinmi, wọ́n wá fi orúnkún gbé ara wọn. Ó pẹ́, àmọ́ kò dùn wọ́n. Wọ́n ní ara arúgbó kì í gòkè tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà. Ìbíyẹmí ń wò wọ́n. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fi gbé nínú yàrá yẹn, kò rí i kí wọ́n dìde bẹ́ẹ̀ rí, torí pé ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ wọ̀nyẹn, òun ló ń sáré fà wọ́n sókè. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ojú rẹ̀ ò lè gbà kó jókòó máa wo àgbà tó ń jìjàkadì pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ó ní òun lè tún un ṣe, ọjọ́ mẹ́wàá péré. Mo rán an létí pé wọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ tó bá ti gba ẹ̀rí mẹ́ta. Ó ní òun yóò lọ sọ fún Agbọ́rọ̀ pé iṣẹ́ òun ò dára. Mo ní wọn kì í gba ẹ̀rí ẹni tó ṣe nǹkan lórí nǹkan náà, ì báà yìn ín, ì báà bú u. Màmá na ọwọ́ sí gèlè wọn tó wà lórí ìṣó.

"Èmi ni mo parọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ, kí n lọ sọ ọ́."

Wọ́n ń wé gèlè náà, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́, nítorí èkejì ò lè gòkè dé orí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fún mi di aago mẹ́rin. Wọ́n ní bí mi ò bá tíì tún un ṣe títí di ìgbà yẹn, àwọn yóò fẹsẹ̀ ara àwọn wá. Mo sì mọ̀ pé wọn yóò wá.

A ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rí ibi tí a lè gbà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jẹ́rìí lórí àwa olùkọ́. Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan á dúró níwájú Agbọ́rọ̀, ẹ̀rọ náà á bi í pé báwo ni ẹ̀kọ́ olùkọ́ yìí, òun á ní ó dára, á sì jókòó. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ó dára. Ṣùgbọ́n ó wà nínú òfin pé bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá sọ pé kò dára, tó sọ ìdí rẹ̀, tí olùkọ́ náà sì gbà, gbogbo iṣẹ́ tó jáde lábẹ́ olùkọ́ yẹn lọ́dún náà yóò padà sórí tábìlì fún àtúnṣe. Wọn ò ní bi ẹlẹ́rìí léèrè nǹkan kan, wọn ò sì ní bi ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà. Olùkọ́ nìkan ni yóò fi kíláàsì sílẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún Ìbíyẹmí. Ó kúnlẹ̀ sójú títì níbẹ̀, àwọn ènìyàn ń yà fún wa.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè sọ ọ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Mo fà á dìde. Mo ní ẹnu tó fi ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ni kó fi sọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Mo ní kó wá irọ́ kékeré kan, kó ní mo máa ń pẹ́ dé, kó ní mo máa ń sùn ní kíláàsì, ohunkóhun. Irọ́ tí a bá fi gba òjìlélẹ́gbẹ̀ta arúgbó sílẹ̀, ta ni yóò bi wá? Kí n má tàn yín, inú mi ti ń dùn díẹ̀ nígbà náà. Mo ti ń rí ara mi bí akin tó fi iṣẹ́ rẹ̀ ra ẹlòmíràn padà. Mo tilẹ̀ ti ń ro ohun tí wọn yóò máa sọ nípa mi lẹ́yìn tí mo bá lọ.

Nígbà tí a dé, Alákòóso Lánípẹ̀kun ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ mi lòun náà nígbà kan, lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dìde, ó tẹrí ba fún mi bó ti máa ń ṣe, ó ní Ilé-Àtẹ ló rán òun wá dúró ti ìtẹ̀ka náà. Aago mẹ́ta ti kọjá. Mo ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ jẹ́rìí ná. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan: ó dára, ó dára, ẹ̀kọ́ wọn yé wa, ó dára. Mò ń gbọ́ ọ, ó sì ń bà mí nínú jẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí mi ò mọ èwo nínú wọn ló ń sọ tọkàntọkàn.

Ó kan Ìbíyẹmí. Agbọ́rọ̀ bi í. Agbọ́rọ̀ tún bi í. Ó dúró síbẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Kò dára," ló wí.

Lánípẹ̀kun gbé orí sókè. Agbọ́rọ̀ béèrè ìdí, mo sì ń retí kó sọ pé mo máa ń pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n kò wo Agbọ́rọ̀. Èmi ló wò, tààrà, ohun tí kò ṣe rí láti ọdún mẹ́ta.

"Ẹ kọ́ wa pé ká fetí sí àgbà, mà. Ẹ ò kọ́ wa bí a ṣe ń bi àgbà ní ìbéèrè tí wọ́n fi lè sọ pé rárá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ya Agbénidìde sórí ìwé, mo gbé e wá bá yín. Mo rí i tí ìka yín dúró níbi tí irin ti wọ abíyá. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo dúró kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ gbé ìka yín kúrò, ẹ ní ó dára. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo sin ìyá mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣàánú mi ni. Mo gba àánú yẹn lọ́wọ́ yín, mo lọ fi irin rọ ọ́. Ẹ má bínú, mà."

Mo fẹ́ sọ nínú ara mi pé irọ́ tí a jọ pète nìyẹn, pé ọmọ náà mọ irọ́ pa ju bí mo ti rò lọ. Kì í ṣe irọ́. Mo rántí ọjọ́ náà. Mo rántí pé mo sọ lọ́kàn mi pé, abíyá kẹ̀? Ìyá tèmi gan-an kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi kú. Mo wá wo ojú ọmọ náà tí ẹkún ti wú, mo sì sọ ohun tó rọrùn jù láti sọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ mo wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, mo rí orí ọmọ tó wọ́, mo yìn ín.

Agbọ́rọ̀ kọjú ọ̀rọ̀ sí mi. Ó ní, Olùkọ́ Wúràọlá, ṣé ẹ gba ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yìí sọ? Láti ojú ọ̀nà ni mo ti ń múra láti dáhùn ìbéèrè yẹn, mo sì ti rò pé ìdáhùn náà yóò dùn lẹ́nu mi. Nígbà tó wá tó àkókò, kò dùn. Ojú ń tì mí, ojú ń tì mí gidigidi. Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Mo fẹ́ kí Lánípẹ̀kun ṣì máa tẹrí ba fún mi. Ojú fèrèsé ni mo ń wò nígbà tí mo sọ ọ́, mo ní òtítọ́ ni.

Iná Agbọ́rọ̀ pọ́n. Lánípẹ̀kun rìn wá síwájú, ó dúró tì mí, ó sì bi mí ní ohùn ìsàlẹ̀ pé nígbà tí mo rí àbùkù náà, kí ló dé tí mi ò sọ fún Ìbíyẹmí.

Mo ní mi ò fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́ ni. Mo wá ìdí mìíràn tó níyì jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò rí.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Èmi náà ńkọ́, mà?" ló wí. "Gbogbo ìgbà tí ẹ sọ fún mi pé ó dára?"

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ kíláàsì lọ́rùn mi, mo gbé e lé e lọ́wọ́.